Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Inú Ọmú: Ìbéèrè Táwọn Obìnrin Wa Ní Àbújá Ń Bi Mí, àti Ìdáhùn Mi

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń ya fọ́tò ọmú ní Àbújá, láti fi wá jẹjẹrẹ inú rẹ̀. Èmi ni obìnrin tó máa ń sọ fún yín pé kí ẹ di èémí yín mú díẹ̀, kí ẹ má mira. Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní Kubwa àti àwọn alásàlátù ní Nyanya àti Mararaba máa ń pè mí pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí níbẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Inú ìwé yẹn ni mo ti kó èyí jọ. N kì í ṣe dókítà, ọ̀rọ̀ mi kò sì lè dípò ohun tí dókítà bá sọ fún yín lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ yín wò. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ẹ̀rọ yìí, mo mọ ibi tí wọ́n dára dé àti ibi tí agbára wọn pin sí.

Kí ni ẹ̀rọ máa ń rí tí ọwọ́ mi ò lè rí?

Kókó tí obìnrin máa ń bá pàdé lára ara rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀ sábà máa ń tó kóró àgbálùmọ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mamogíráàmù, ìyẹn ẹ́síréè ọmú, lè rí èyí tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó tún ń rí ohun kan tí ọwọ́ kankan kò lè bá pàdé láé: èérún kálísíọ̀mù, funfun wínníwínní bí iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sórí aṣọ dúdú. Ọ̀pọ̀ irú èérún bẹ́ẹ̀ kò ní láburú nínú. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣù jọ sójú kan, tàbí tí wọ́n tò tẹ̀lé ọ̀nà tí wàrà ń gbà, ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti wà nínú ọ̀nà wàrà náà, tí kò sì tíì já síta. Ìgbà yẹn gan-an ló dáa jù láti ká a mọ́.

Oníṣẹ́ abẹ kan ní Berlin, Albert Salomon, ló kọ́kọ́ rí èérún yìí. Ọdún 1913 ni, ọdún 18 péré lẹ́yìn tí Röntgen ṣàwárí ẹ́síréè. Nǹkan bí ọmú 3,000 tí wọ́n ti gé kúrò lára àwọn aláìsàn ló ya ní fọ́tò, kò sì tíì yé òun fúnra rẹ̀ bí ohun tó rí yẹn ti ṣe pàtàkì tó. Mo máa ń rántí àwọn obìnrin yẹn nígbà míì. Wọn ò mọ̀ pé ara àwọn ni a fi kọ́ ohun tó ń gba ẹlòmíì là lónìí.

Ṣé dandan ni kí wọ́n tẹ ọmú mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ń dùn mí.

Dandan ni, ẹ má bínú. Ọmú tí wọn kò tẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ká jọ. Ẹni tó bá ń wá àbàwọ́n kékeré lára aṣọ, ó ní láti tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tó rí i. Raul Leborgne, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Uruguay, ló jẹ́ ká mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1949 pé títẹ ọmú pẹlẹbẹ ń jẹ́ kí fọ́tò mọ́ kedere. Ó tún ń dín ìtànṣán tí ọmú máa gbà kù, torí ọmú tó fẹ́lẹ́ kò nílò iná púpọ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, fọ́tò méjì sì ni fún ọmú kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ọmú ti wọ abíyá lọ. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù yín, nígbà yẹn ọmú kì í dùn tó bó ṣe máa ń dùn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù. Tó bá sì dùn yín kọjá ohun tí ẹ lè fara dà, ẹ sọ fún ẹni tó ń yà yín. Ẹni tó mọṣẹ́ á tú u, á jẹ́ kẹ́ ẹ mí, á sì tún un ṣe.

Ọmọ ọdún 34 ni mí. Mo lọ sọ pé mo fẹ́ mamogíráàmù, dókítà ní kí n lọ ṣe scan. Ṣé torí pé kò kà mí sí ni?

Rárá o. Ó kà yín sí gan-an ni. Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Nínú fọ́tò mamogíráàmù, ọ̀rá máa ń dúdú. Ẹran ọmú tó ń ṣe wàrà máa ń funfun. Jẹjẹrẹ náà, funfun ni. Tí ọ̀rá bá pọ̀ nínú ọmú, kókó funfun á yọ síta bí òṣùpá lójú ọ̀run dúdú. Ṣùgbọ́n ọmú ọ̀dọ́bìnrin sábà máa ń ki: ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rá lọ. Ẹni tó bá ti rìn gba ọ̀nà Funtua kọjá nígbà tí òwú là lóko, kó ro ó wò bí wọ́n bá ní kó wá lékeléke kan ṣoṣo tó bà sáàárín oko náà. Ohun tí a ní kí mamogíráàmù ṣe nínú ọmú tó ki nìyẹn.

Scan kì í lo ẹ́síréè. Ìró ni ó ń lò, ìró tó ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́. Ìró yẹn wọlé, ó kan ohun tó wà nínú, ó sì padà wá. Lójú scan, jẹjẹrẹ sábà máa ń dúdú láàárín ẹran tó funfun, èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí ti mamogíráàmù. Ó tún máa ń sọ lójú ẹsẹ̀ bóyá omi ló wà nínú kókó tàbí ẹran líle. Omi lásán kì í sábà ní wàhálà nínú. Ohun tí scan ò mọ̀ ọ́n rí dáadáa ni èérún kálísíọ̀mù tí mo sọ lókè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan kò fi lè lé èkejì jáde.

Àwọn ará Japan dán an wò láàárín àwọn obìnrin ọdún 40 sí 49, iye wọn sún mọ́ 73,000, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Mamogíráàmù nìkan rí 77 nínú jẹjẹrẹ 100. Nígbà tí wọ́n fi scan kún un, ó di 91. Iye àwọn tí ọkàn wọn já lórí ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà lé sí i díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń mú àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní kékeré ju àwọn òyìnbó lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti yà kò tíì pé 50. Tí ẹnì kan bá ń tà yín lérò pé ẹ̀rọ tó tóbi jù ló dáa jù, ẹ bi í léèrè pé: irú ọmú wo lẹ fẹ́ fi wò?

Wọ́n kọ "dense" sínú èsì mi. Ṣé àìsàn ni?

Kì í ṣe àìsàn. Ó túmọ̀ sí pé ọmú yín ki, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Wọ́n máa ń pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, A dé D: A ni èyí tí ọ̀rá pọ̀ jù nínú rẹ̀, D ni èyí tó ki jù. Ẹ ò lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bóyá ọmú rọ̀ tàbí ó dúró. Fọ́tò nìkan ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmú tó ki máa ń jẹ́ kí ewu jẹjẹrẹ fi díẹ̀ lé sí i, ó sì tún ń bo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀ lójú mamogíráàmù. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òfin ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n sọ fún gbogbo obìnrin tó bá ṣe mamogíráàmù bóyá ọmú rẹ̀ ki tàbí kò ki. Níbí, ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ní C tàbí D ni, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ fi scan kún un.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ àtijọ́, ti kọ̀ǹpútà, àti èyí tí wọ́n ń pè ní 3D?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí fíìmù la ń yà á sí, a ó rì í sómi, a ó sá a, a ó wá gbé e síwájú iná. Tí kò bá dáa, a tún un yà nìyẹn. Ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà tààrà. Lórí kọ̀ǹpútà, dókítà lè fẹ̀ ẹ́, ó lè mú un dúdú tàbí kó mú un mọ́lẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, wo obìnrin tó lé ní 49,000. Fún gbogbo wọn lápapọ̀, fíìmù àti kọ̀ǹpútà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí kò tíì pé 50 àti àwọn tí ọmú wọn ki, ti kọ̀ǹpútà ló dáa jù.

3D, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ tomosynthesis, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2011. Apá ẹ̀rọ náà máa ń yí kọjá lórí ọmú díẹ̀, á ya fọ́tò mélòó kan láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n jọ di ìpele ìpele. Ẹ wo odindi bùrẹ́dì: tí èso àjàrà gbígbẹ kan bá wà láàárín rẹ̀, ẹ ò lè rí i láti òde. Tí wọ́n bá gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, lójú kan náà lẹ máa rí i. Bí 3D ṣe ń ya ẹran tó bo ara wọn mọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Ó ń dín ìpè padà kù pẹ̀lú, ìyẹn kí wọ́n máa pe obìnrin padà pé àwọn rí nǹkan, kó tó wá hàn pé ẹran lásán ló gun ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ohun tí ojú wa ń rí nílé. Ẹ̀rọ olówó gọbọi tí kò ní iná tó dúró àti yàrá tó tutù, ìbànújẹ́ ni. Apá tó ń gba àwòrán nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun kì í fẹ́ ooru rárá. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí Àbújá bá ń gbóná bí ààrò, A.C. yàrá náà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yálà aláìsàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi kan tí wọ́n ti ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ láti ṣọ́ owó dísẹ́ẹ̀lì ná. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́. Oṣù mọ́kànlá la fi ń dá àwọn obìnrin padà lẹ́nu ọ̀nà. N kò lè gbàgbé ojú wọn.

Ìgbà wo ni MRI máa ń wọ̀ ọ́?

MRI kì í lo ẹ́síréè, òòfà ńlá ló ń lò. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi oògùn kan sínú iṣan, èyí tó ń jẹ́ kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn púpọ̀ tàn yòò. Jẹjẹrẹ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Òun ló mọ̀ ọ́n rí jù nínú gbogbo wọn. Ní Netherlands, wọ́n fi kún àyẹ̀wò àwọn obìnrin ọdún 50 sí 75 tí ọmú wọn ki gan-an. Ní èsì tó jáde ní 2019, jẹjẹrẹ tó ń yọjú láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì jẹ́ 5 nínú obìnrin 1,000 láàárín àwọn tí wọn kò pè fún MRI. Láàárín àwọn tí wọ́n pè, ó jẹ́ 2.5.

Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ẹ̀rọ náà kò pọ̀ ní Àríwá, ó sì máa ń pariwo ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ nígbà míì. Àwọn tí ó yẹ fún jù ni àwọn tí àìsàn yìí wà nínú ìran wọn. Ọ̀nà kan wà tí owó rẹ̀ kéré sí i: wọ́n ń fa oògùn tó ní áyódínì sínú iṣan, wọ́n sì ń ya mamogíráàmù lé e. Ìlànà kan náà ni, ẹ̀rọ mamogíráàmù tó bá lè ṣe é ni wọ́n ń lò. Èmi gbà pé ọ̀nà yìí yẹ kí àwọn ilé-ìwòsàn wa fojú sí, níbi tí MRI bá ti jìnnà.

Ṣé òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ló máa ka fọ́tò mi báyìí, tí kò ní sí dókítà?

Kọ̀ǹpútà ń ran dókítà lọ́wọ́ ni. Ní Sweden, dókítà méjì ló máa ń ka fọ́tò obìnrin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dán ọgbọ́n àtọwọ́dá wò láàárín obìnrin tó lé ní 80,000: kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wo fọ́tò, á sọ èyí tó nílò ojú méjì àti èyí tí ojú kan tó fún. Èsì tó jáde ní 2023 fi hàn pé iṣẹ́ kíka fọ́tò dín kù ní ìdá 44 nínú 100, jẹjẹrẹ tí wọ́n rí kò sì dín, ó tilẹ̀ lé díẹ̀.

Tí ẹ bá mọ bí dókítà tó ń ka fọ́tò ṣe wọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹ ó mọ ìdí tí inú mi fi dùn sí èyí. Fọ́tò tí a yà ní ìlú kékeré ní Niger tàbí Nasarawa lè rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè kà á. Kọ̀ǹpútà sì lè sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ti obìnrin báyìí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé fọ́tò àwọn ará Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà yìí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní èdè kan ṣoṣo lè má gbọ́ tiwa. Ó yẹ kí wọ́n dán an wò lára fọ́tò àwọn obìnrin wa kí wọ́n tó gbára lé e, ìyẹn ò sì lè ṣeé ṣe tí àwa fúnra wa kò bá tọ́jú fọ́tò àti èsì pa mọ́ létòlétò.

Ẹ́síréè yẹn gan-an kò lè fa jẹjẹrẹ?

Ìtànṣán tí mamogíráàmù ń fún yín tó ohun tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run máa ń fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7. Ewu rẹ̀ wà, kò tó nǹkan, èrè rẹ̀ sì ju ewu náà lọ fíìfíì fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó o. Tí ẹ bá lóyún, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Abúlé ni ìyá mi wà. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀.

Ọwọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa wà. Ní Mumbai ní India, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera bí a ṣe ń fi ọwọ́ yẹ ọmú wò, wọ́n sì tẹ̀ lé obìnrin bíi 150,000 fún ogún ọdún. Láàárín àwọn tó ti pé 50 sókè, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ọmú fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín kù. Èsì yẹn jáde ní 2021. Ọwọ́ lásán ni o! Nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ìyá yín lè kọ́ ọ.

Ẹ̀rọ kéékèèké náà ti ń dé. Ẹ̀rọ scan wà báyìí tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, tó sì ń wọ àpò. Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tó ń fi bí ẹran ṣe le sí mọ ibi tí kókó wà, tí kò ní ìtànṣán, tí bátìrì ń gbé. Wọ́n dán an wò ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ó ń sọ ẹni tó yẹ kó tètè wọ ọkọ̀ wá sí ìlú ńlá ni.

Àwọn kan gbé kámẹ́rà tó ń wo ooru ara wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní ó ju mamogíráàmù lọ.

Kò jù ú lọ. Àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ léraléra pé kámẹ́rà ooru kò lè dípò mamogíráàmù. Tí wọ́n bá ti fi wò yín, tí wọ́n ní kò sí nǹkan, ẹ má gbé ọkàn lé e.

Kí ni kí n ṣe kí n tó lọ?

Ẹ má fi páúdà tàbí oògùn òórùn sí abíyá àti àyà lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń yọ nínú fọ́tò bí èérún funfun, wọ́n á wá dá ìpayà sílẹ̀. Ẹ wọ bùláòsì àti ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì, kó lè jẹ́ pé òkè nìkan lẹ máa bọ́. Tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ fún un kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ẹ gbọ́ èyí náà, ẹ̀yin tó ń gbé Àríwá. Eruku ọyẹ́ máa ń kó sórí páálí tí àwọn ẹ̀rọ kan fi ń gba àwòrán. Lójú fọ́tò, eruku yẹn lè fara jọ èérún kálísíọ̀mù. Lọ́dún kan, nínú oṣù kìíní, mo pe obìnrin mẹ́ta padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀ pé eruku ni. Àárọ̀ kùtù ni mo ti ń nu àwọn páálí wọ̀nyẹn báyìí, mo sì tún ń nù wọ́n lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá tún fọ́tò yà, ẹ má kọ́kọ́ ro ohun tó burú jù.

Ẹlẹ́hàá ni mí. N kò fẹ́ kí ọkùnrin rí ara mi.

Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́. Obìnrin ló ń ya fọ́tò yìí ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n á fún yín ní aṣọ ìbora, ọmú kan ṣoṣo ni ẹ ó máa ṣí lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n kọ "BI-RADS 4" síbẹ̀. Ṣé mo ti kú nìyí?

Rárá, ìyá mi. BI-RADS ni nọ́ńbà tí dókítà fi ń sọ bí ohun tó rí nínú fọ́tò ṣe fu ú lára tó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 6. Òdo túmọ̀ sí pé fọ́tò yẹn kò tíì tó, ẹ wá ṣe òmíràn. 1 àti 2 dára. 3 ní ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan, àmọ́ ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. 4 ní ohun tí a rí yìí fu wá lára, ẹ jẹ́ ká fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ wò. Ó gbòòrò púpọ̀: ó lè jẹ́ 2 nínú 100 péré ló máa já sí jẹjẹrẹ, ó sì lè tó 95. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún pín in sí 4A, 4B àti 4C. 5 ni èyí tó jọ jẹjẹrẹ gidigidi. 6 ni èyí tí abẹ́rẹ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní irin kì í kan jẹjẹrẹ, pé tí abẹ́rẹ́ bá ti kàn án, á tàn ká.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pa wá lẹ́ni púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ibi tó ti wá. Láyé ìgbà kan, ìgbà tí ọmú bá ti ń ṣe egbò ni wọ́n tó máa ń gbé obìnrin dé ilé-ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀fóró àti egungun. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó kú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ará ilé ní irin ló pa á. Ìpẹ́ ló pa á.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe biopsy lónìí, ìyẹn mímú ẹran díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, scan ló sábà máa ń tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n á fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kó má dùn yín, wọ́n á mú ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi òwú ìránṣọ jáde. Kì í sọ jẹjẹrẹ kékeré di ńlá. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti oògùn tó lè gbọ́. Kò sí fọ́tò tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ìyá kan láti Mararaba wà tí mo yà lọ́dún kan. Kókó rẹ̀ kò ju ẹ̀wà méjì lọ. Wọ́n kọ 5 sí i, wọ́n ní kó wá gba abẹ́rẹ́. Ó gbé àpò fọ́tò náà lọ sílé, ó fi sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn oṣù méje, mi ò nílò ẹ̀rọ mọ́ láti rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ètò tó gbé kalẹ̀ ní 2021, ní láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀dùn wá, kò gbọdọ̀ ju 60 ọjọ́ lọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń dáa sí i kò ní ìlò kankan ju kó dín ọjọ́ yẹn kù.

Ọkọ mi ní kò sí owó fún ohun tí kò dùn mí.

Ẹ pè é kó bá mi sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó fi ń tàn wá jẹ nìyẹn. Owó ìtọ́jú èyí tó ti pẹ́ ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó ń gba mọ́tò lọ́wọ́ onímọ́tò.

Ṣé ọkùnrin náà lè ní i?

Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan bí ẹyọ kan nínú jẹjẹrẹ ọmú 100 ló jẹ́ ti ọkùnrin. Tí bàbá bá rí kókó lẹ́yìn orí ọmú rẹ̀, kó má fi ojú tijú pa ara rẹ̀.

Ọjọ́ orí wo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ìyá mi ní i.

Ìlànà yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Láti 2024, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní kí obìnrin máa ṣe é ní ọdún méjì méjì láti 40 dé 74. Níbí, kò sẹ́ni tó máa kọ lẹ́tà pè yín, àfi kẹ́ ẹ fúnra yín dìde. Tí kókó bá ti wà, ẹ pa ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tì, ẹ lọ lọ́la.

Tó bá jẹ́ pé ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní i kí ó tó pé 50, ọ̀ràn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà á fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tó mú ẹni náà. Ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn MacArthur ní 2005, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ tó ń bá ìran rìn láàárín àwọn obìnrin adúláwọ̀. Ara ohun tí a mọ̀ nípasẹ̀ irú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ sábà máa ń tètè mú àwọn obìnrin wa, ó sì máa ń le. Ẹ sọ ìtàn ìdílé yín fún dókítà, ti ìhà bàbá náà. A máa ń gbàgbé ìhà bàbá.

Níbo ni kí n lọ ní Àbújá, kí sì ni kí n béèrè?

National Hospital wà láàárín ìlú, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwalada, Federal Medical Centre wà ní Jabi. Ilé àyẹ̀wò aládàáni náà pọ̀. Ẹ fóònù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, bóyá ti kọ̀ǹpútà ni, dókítà wo ló máa kà á, ọjọ́ mélòó ni èsì fi ń jáde, àti bóyá wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n bá rí nǹkan. Ibi tí èsì ti ń jáde lọ́jọ́ mẹ́ta dáa ju ibi tí ẹ̀rọ ti rẹwà tí èsì ń gba oṣù kan. Tí ẹni tó wà lórí fóònù bá jẹ́ Hausa, "ciwon daji" ni orúkọ àìsàn náà lẹ́nu wọn.

Mo ya fọ́tò lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ṣé kí n gbé e dání, àbí ó ti di àtijọ́?

Ẹ gbé e dání, ẹ jọ̀wọ́, pẹ̀lú ìwé èsì rẹ̀. Dókítà á tẹ́ ti ìjọsí àti ti òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ààmì kékeré tí kò yí padà fún ọdún méjì kì í sábà já sí nǹkan, èyí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa tẹjú mọ́. Tó bá jẹ́ inú CD ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ fi aṣọ wé e kí ó má họ, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yín àti ọjọ́ tí wọ́n yà á sí ara páálí rẹ̀.